Àpótí Tí Yóò Sọ Pé "Má Lọ"

Àbámẹ́ta, 12/4

Àsíátù ní bí Iléyá bá ti kọjá, òun ń lọ sí Ṣakí, òun kò sì ní padà wá mọ́. Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fún un ní yàrá méjì nínú ilé bàbá wọn. Wọ́n ti sọ ọ́, wọ́n ti parí rẹ̀, èmi ọkọ ni mo wá gbọ́ kẹ́yìn.

Mo ní, "Ṣé omi tútù wà nínú fíríìjì?"

Ó ní ó wà.

Tó bá jẹ́ pé mo máa ń lù ú ni, tàbí pé mo fẹ́ ìyàwó lé e, màá mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí a jẹun tán, mo bi í pé kí ni mo ṣe. Ó ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Bàbá Ìsìlá. Ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ ti lọ tán, èmi àti ògiri la kù nílé yìí." Ó dìde, ó lọ fọ abọ́.

Ooru yìí fẹ́ pa èèyàn. Mo gbé àga síta, àwọn ẹ̀fọn gbé mi wọlé padà.

Àìkú, 13/4

Boris wá. Nígbà tí bándì wa ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun, òun ló ń ta gìtá, èmi ló ń ta báàsì, Patron sì ń kọrin. Patron ti kú, hòtẹ́ẹ̀lì ti di ilé ìkẹ́rùsí, Boris nìkan ló kù tó ń kàn mí lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti èébú méjì lọ. Mina, èdè àwọn ará Lomé níbí, la jọ ń sọ.

Ó ní àwọn kan rí téèpù tí a fi gba orin wa sílẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n ti kó o sínú kọ̀ǹpútà. Ó fi clé kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń kó orin sí, lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹ̀bùn ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a mọ́ra. Ọlọ́run ló rán an.

Ìṣẹ́gun, 15/4

Nígbà tí ìyá Àsíátù fẹ́ mú un padà sí Ṣakí, kí n tó fẹ́ ẹ, n kò lè sọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá ti dùn mí, ẹnu mi kì í ṣí. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ Rẹ̀. Gìtá ni mo fi sọ ọ́. Nínú orin kẹta tí a máa ń kọ lálaalẹ́, níbi tí gìtá Boris ti ń sinmi, mo ta á: dò mí mí dò, mí re. *Àsíátù, má lọ.* Àwọn òyìnbó ń jó, Patron ń fẹyín, kò sẹ́ni tó mọ̀. Òun tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú agbọ̀n ẹja ìyá rẹ̀ ló gbọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ nìkan ló wọkọ̀ lọ.

Orin kẹta yẹn gan-an ló wà nínú clé yìí. Gìtá mi ti di títà tipẹ́, làkúrègbé sì ti ká àwọn ìka mi kò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi wà nínú orin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó tún gbọ́ ọ kedere, kò ní lọ. Mo mọ obìnrin mi.

Inú ọkọ̀ ni mo ti fẹ́ kó gbọ́ ọ. Nínú ilé, á ní òun fẹ́ ro ọbẹ̀. Mo fi í sínú Carina, ọkọ̀ mi, nígbà tí mo gbé Àsíátù dé ọjà tán. Sípíkà inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ yìí kò mọ̀ ju ohùn èèyàn àti fèrè lọ. Bíi pé n kò wà nínú bándì rárá! Mo nílò wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde.

Ọjọ́bọ̀, 17/4

Wọ́n júwe ọmọ Nàìjíríà kan fún mi ní Tokoin Wuiti, Kọ́lá, tó ń fi ẹ̀rọ orin sínú ọkọ̀. Kí n tó dé ìkóríta ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ó ṣí búùtù ọkọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àpótí ràgàjì kan wà níbẹ̀, wúfà méjì nínú rẹ̀, ihò gbọ̀ngbọ̀n kan láàárín wọn. Ó tẹ nǹkan kan. Nọ́ńbà ọkọ̀ ń gbọ̀n, fèrèsé ilé òdìkejì ń gbọ̀n, eyín mi ń gbọ̀n. Adìẹ kan sá sójú títì.

"Alhaji, ẹ gbọ́ báàsì?"

N kò rí Mẹ́kà rí. "Mo gbọ́ ariwo. Báàsì ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣeré. Ó ní oríṣi àpótí méjì ló wà. Ọ̀kan dé pinpin, afẹ́fẹ́ kò gba ibì kan jáde. Èkejì jẹ́ oníhò, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn wúfà ń gba inú ihò yẹn jáde wá ran ti iwájú lọ́wọ́. Oníhò ló ń dún jù, oníhò ni gbogbo ayé ń gbé, kò sẹ́ni tó béèrè èkejì lọ́wọ́ òun rí láti ọjọ́ tí òun ti dé Lomé.

Mo bi í pé èwo nínú méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀ kedere jù. Ó wò mí títí.

"Báàsì kì í sọ̀rọ̀, Alhaji."

Ọmọ àná! Inú fóònù ló ti kọ́ iṣẹ́, ó fẹ́ kọ́ mi ní báàsì.

Ajé, 21/4

Mo sọ fún Boris. Kò bi mí nǹkan kan, ó kàn ní kí n gba oníhò. "Fi ihò sí i, Sofi. Kó máa dún, ká máa jó, ó tán." Mo ní mo fẹ́ gbọ́ nóòtì kọ̀ọ̀kan. Ó ní ní ọjọ́ orí wa yìí, ta ló ń gbọ́ gbogbo nǹkan?

Èèyàn méjì ti sọ ohun kan náà. Ó dáa, ẹ ṣe oníhò.

Ajé, 28/4

Wọ́n ti gbé e sí i. Mo wa ọkọ̀ lọ sí etí òkun, mo ti fèrèsé, mo fi orin wa sí i.

Báàsì dé lóòótọ́. Ó pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Dò ń wọnú mí, mí ń wọnú dò, re tó kẹ́yìn sì ń fà lọ títí, n kò mọ ibi tó parí sí. Ó dà bí ẹni tó ń kí èèyàn pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́nu. Wúfà ti dákẹ́, ihò kò tíì dákẹ́, ohun tó fà á nìyẹn! Bí mo bá gbé Àsíátù wá síbí pẹ̀lú eléyìí, á ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, òótọ́ ló sì máa sọ.

Inú ń bí mi sí ara mi. Èmi tí mo ta báàsì láti kékeré, ọmọ tí n kò mọ bàbá rẹ̀ ló sọ fún mi ohun tí etí mi fẹ́.

Ẹtì, 2/5

Òjò láti àárọ̀. Àsíátù ti fi ìdajì àwo ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún Angèle, ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pàtẹ ní Bè-Kpota. Kò bi mí.

Àìkú, 4/5

Mo gbé àpótí padà fún Kọ́lá. Mo ní kó tú u, kó kan òmíràn tó dé pinpin.

"Alhaji, ẹ máa kábàámọ̀. Kò ní dún. Àwọn èèyàn á ní mo ta gbàrọgùdù fún yín."

"Àwọn èèyàn wo? Ṣé àwọn ló máa jókòó nínú ọkọ̀ mi?"

"Ẹ jẹ́ n fi ihò kékeré sílẹ̀."

"Bí mo bá rí ihò tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀ níbẹ̀, ìwọ ló máa gbé e lọ sílé."

Ó ń kọrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo ṣe ń lọ. Àgbà kì í bá ọmọdé ṣe ìjà ẹnu.

Boris gbọ́, ó bínú. Ó ní kí ló dé tí mo ń yọ ara mi lẹ́nu lórí orin àtijọ́, wọ́n ti sin Patron, kí n jẹ́ kí gbogbo wọn sinmi. Ọ̀rọ̀ kékeré, ó gbé e bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. N kò mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọjọ́rú, 14/5

Àpótí tó dé pinpin ti dé, ó sì kéré jù! Kọ́lá ní òun ṣe é níwọ̀n kí n lè rí àyè kó ẹrù sí búùtù. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó, wúfà kò rí ibi na ara rẹ̀ sí, ó kàn ń gbó níbi mí, ó sì dákẹ́ níbi dò. Orin Kọ́lá ni mo fi dán an wò. Orin tiwa, mo ti búra pé n kò ní tún fi sí i mọ́ àfi tí gbogbo rẹ̀ bá pé, tí Àsíátù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A jọ gbọ́ ọ nígbà yẹn ni, a óò jọ gbọ́ ọ báyìí.

Mo ní kó kan èyí tó tóbi, kó gba gbogbo búùtù bó bá fẹ́.

Nígbà tí mo délé, Àsíátù wo búùtù. "Ibo lẹrù mi máa wà lọ́jọ́ náà?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo mọ̀ o. Inú mi dùn díẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 20/5

Angèle wá sílé pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn, ó ń sunkún. Ó gbọ́ lọ́jà pé mo ti ní kí wọ́n kan adaka ńlá kan, pé mo ní dandan kí ó dé pinpin, afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ jáde. Lẹ́nu àwọn Mina, adaka ni àpótí, adaka náà ni pósí. Ó bi mí pé ta ló kú, ṣé èyí ló fà á tí Àsíátù fi ń kó ẹrù.

Àsíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó fi ìbòrí nu ojú, ó ní, "Angèle, kò sẹ́ni tó kú. Ọkọ mi ń kọ́ ilé fún ariwo ni." Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nígbà yẹn. Mo wá a lẹ́nu mi, n kò rí i. Angèle béèrè omi, Àsíátù sì dìde.

Ìṣẹ́gun, 27/5

Àpótí ńlá ti wà nínú búùtù, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dún wọ̀nwọ̀n. Kọ́lá ní kí a fi òwú sí i. Òwú tó gbé wá jẹ́ ìdọ̀tí. Mo wálé, mo tú ìrọ̀rí mi, mo kó gbogbo òwú rẹ̀ sínú àpò. Kò tó. Mo tú ti Àsíátù.

Kò pariwo. Ó gbé awọ ìrọ̀rí tó ti pẹlẹbẹ sókè, ó wò ó, ó wò mí. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Bàbá Ìsìlá."

"Wàá rí i," ni mo sọ.

"Kí ni màá rí?"

N kò sọ fún un. Bí mo bá sọ ọ́ ṣáájú, adùn rẹ̀ ti tán. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó fi ṣe ìrọ̀rí.

Ọjọ́bọ̀, 5/6

Ó parí! Òní ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ gbẹ tán. Kọ́lá fi orin tirẹ̀ sí i, èmi jókòó síwájú, mo di ojú. Nóòtì kọ̀ọ̀kan dúró láyè ara rẹ̀. Kò pọ̀, kò tì mí láyà, kò mi nọ́ńbà ọkọ̀. Mo mọ ibi tí ìka ti kan okùn, mo mọ ibi tó ti kúrò. Mo bú sẹ́rìn-ín nìkan bí wèrè.

Kọ́lá pa orin náà. Ó ní, "Alhaji, ó mọ́. Kò le, ṣùgbọ́n ó mọ́." Ọmọ náà lè di èèyàn lọ́jọ́ iwájú.

Jímọ̀, 6/6

Iléyá. Àgbò tí mo lè rà, àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá ewúrẹ́ ni. Kò sí ohun tí kò wọ́n. Àsíátù pín ẹran bó ṣe máa ń pín in, kò gbàgbé ilé kankan. Àwọn obìnrin ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń wò mí bí ọ̀daràn. Ẹ máa wò. Lọ́túnla ẹ óò rí i tó ń ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ padà.

Àìkú, 8/6

Ẹrù rẹ̀ kò gba búùtù. A kó o sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fín lọ́fínńdà, ó wọ léèsì tó wọ̀ nígbà ìgbéyàwó Ìsìlá. Mo wa ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọjà Adewui, mo pa ẹ́ńjìnì.

"Kí ló dé? Ọkọ̀ á fi mí sílẹ̀."

Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ti fèrèsé, mo fi clé sí i.

Ọlọ́run mi, orin yẹn dùn! Patron kọrin bí ẹni tó wà láàyè. Báàsì ń rìn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ kedere, nóòtì kan ń dé, ó ń ṣe tirẹ̀, ó ń lọ kí òmíràn tó wọlé. Àsíátù mọ orin náà lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé àyà. Mo rí i pé ó ń dúró de ibẹ̀, ó rántí ibi tó wà. Gìtá Boris sinmi.

Dò mí mí dò. Mí re re.

Mo rò pé etí mi ni. Orin yí po, ó tún dé ibẹ̀. Dò mí mí dò, mí re re. Re méjì. Ọmọ ilé kéú á gbọ́ ọ. *Àsíátù, máa lọ.*

Orin parí. Ó ń wo iwájú. Ó mú ọwọ́ kúrò láyà, ó gbé e lé báàgì rẹ̀.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kó yé mi. Mò ń lọ náà ni."

Mo ní kì í ṣe èmi! Mo ní kó tún fetí sí i, re kan ṣoṣo ni mo máa ń ta, gbogbo ayé mọ̀ pé re kan ni. Boris ni kì í lè rí àyè kó má fi nóòtì dí i. Ọwọ́ Boris nìyẹn! Wọ́n ti lọ tún un ta lẹ́yìn mi, òun àti Patron, olè ni àwọn méjèèjì, gbogbo ọdún wọ̀nyí mo ń fi orin náà yangàn, ìka ẹlòmíràn ni mo ń yìn. Mo sọ ọ́ láti Adewui títí dé ibùdókọ̀. N kò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ṣàlàyé àpótí fún un, ìdí tí oníhò kò fi jẹ́ kí n tètè mọ̀, bí re méjì ṣe máa ń di ọ̀kan nínú rẹ̀, bí òwú ìrọ̀rí ṣe là wọ́n sí méjì. Ó ń mi orí.

Wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ sórí ọkọ̀ Cotonou. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń wò mí. Èmi ṣì ń sọ ti Boris. Ó dúró tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi fọn fèrè sí i. Ó ní, "Àpótí yín dára, Bàbá Ìsìlá." Ó wọlé, ó jókòó.

Ọjọ́rú, 11/6

Mo lọ ká Boris mọ́lé. N kò kí i. Mo bi í pé ta ló ta báàsì inú orin kẹta.

Kò jiyàn. Ó jókòó. Ó ní téèpù bàjẹ́ níbi tí mo ta tèmi sí, ìgbà yẹn sì ni mo lọ sìnkú bàbá mi, Patron kò lè dúró. Òun tún un ta bí mo ṣe ń ta á gẹ́lẹ́. Patron ní kí òun má sọ, kí inú mi má bàjẹ́. Ìdí tí òun fi ní kí n fi ihò sí àpótí nìyẹn, kí n má bàa dá ọwọ́ òun mọ̀.

"Mo kàn fi nóòtì kékeré kan kún un ní ìparí, Sofi. Kó lè dùn sí i. Kí ló dé?"

Mo sọ ohun tó dé fún un. Mo fi Mina túmọ̀ rẹ̀: èyí tí mo sọ, èyí tí òun sọ. Ó fọwọ́ méjèèjì lé orí. Ó ní òun kò mọ̀ láéláé pé ọ̀rọ̀ ni, òun rò pé orin ni. Omi lé sí i lójú. N kò ṣàánú rẹ̀, mo sọ ohun gbogbo tó wà níkùn mi sí i, ó gbà á.

Nígbà tí mo sọ tán, ó nu ojú, ó bi mí:

"Nígbà tó gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ìwọ wá fi ẹnu ara rẹ sọ fún un?"

Mo ní, "Mo sọ fún un pé ìwọ lo ta á."